Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Láìsí Fóònù ní Hull

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni fóònù mi bọ́ sínú garawa omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, mo fẹ́ yára wẹ̀ kí n tó sùn. Garawa àti ife ni mo fi ń wẹ̀ títí dòní; omi tí ń rọ̀ láti òkè yẹn kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn rí. Mo gbé fóònù sí etí ibi ìwẹ̀ torí àbúrò mi ti ní òun máa pè. Ó sì pè lóòótọ́. Fóònù gbọ̀n, ó yọ̀, ó rì. Kí n tó yọ ọ́, ojú rẹ̀ ti dúdú.

Mo sunkún. Mo rì í mọ́ inú ìrẹsì bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé kí ènìyàn ṣe, mo sì dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo máa lajú, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo wo aago ara ògiri, ó ku díẹ̀ kó lu méje ìrọ̀lẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò níṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ka wákàtí sórí ìka: mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi sùn. Ó ti pé oṣù mọ́kàndínlógún tí mo ti dé ìlú Hull yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mi ò tíì sùn tó wákàtí mẹ́fà rí lẹ́yìn iṣẹ́ òru kan. Ara mi fúyẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti bẹ̀rẹ̀: ṣé dandan ni kí n ra òmíràn?

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ni òru rẹ̀. Èmi ń bá wọn tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì délé, tí mo fi nǹkan sẹ́nu, tí mo wẹ̀, aago mẹ́wàá ti lù. Aago mẹ́wàá yẹn náà sì ni ojú Ìsẹ́yìn, ìlú wa, là kedere. Àwa tí a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àwáwí tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ní. Bí ẹni tó wà ní Houston bá sọ pé òru ni lọ́dọ̀ òun, ilé á gbà. Ní tiwa, láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago wa àti ti Nàìjíríà dọ́gba ni. Nígbà òtútù pàápàá, wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣíwájú wa. "Ọ̀sán gangan lo wá ń sùn?" Bí mo ṣe ṣàlàyé tó, kì í wọ̀ wọ́n létí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ta ni ó ń sùn ní aago mọ́kànlá àárọ̀ nílé wa, bí kò bá ṣe aláìsàn?

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi àwọn ènìyàn mi sùn. Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, mi ò rí ẹni tó pè mí tó ń purọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá mi wọ́n. Òwú wọ́n, òfì ni bàbá mi ń hun, bí òwú bá wọ́n tí oníbàárà kò sì fi kún owó, òfo ló ń hun yẹn. Owó ilé ìwé àbúrò mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń gba ojú ihò kan ṣoṣo wọlé sí mi, ní wákàtí tí oorun yẹ kó gbé mi lọ. Bí mo bá pa ohùn fóònù, màá máa ta jí fúnra mi láti wò ó. Òun dákẹ́, ọkàn mi kò dákẹ́.

Oṣù kan ṣáájú kó tó rì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún bàbá kan ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ló di ọwọ́ mi mú. Kò fi mí sùn, ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Lọ fomi bọjú." Mo dúró sí balùwẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ara mi ń gbọ̀n. Ẹ̀mí ènìyàn ni, ẹ̀mí bàbá oníbàbá. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí fóònù rì. Mo ní màá wò ó títí owó oṣù yóò fi wọlé. Nígbà tí owó oṣù wọlé, mo tún sún un síwájú.

Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti gbó, Wi-Fi sì wà nílé tí mo ti gba yàrá kan. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá mi àgbà pé fóònù mi ti bàjẹ́, kò sí ohun tó ṣe mí, kí wọ́n bá mi sọ fún Màámi. Mo ra owó ìpè díẹ̀ sórí Skype, tí mo fi lè pe nọ́ńbà Màámi láti orí kọ̀ǹpútà nígbà tí àyè bá yọ. Ẹ má lọ wá ọ̀nà yẹn mọ́ o, wọ́n ti ti Skype pa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Mi ò ní purọ́. Mo ń sùn. Mo ya àwòrán ọ̀nà sórí bébà pélébé kan: ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yà, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní aago lórí, ilé iṣẹ́ mi. Mo ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ènìyàn. Ó yà mí lẹ́nu bí inú àwọn àgbàlagbà ìlú yìí ṣe ń dùn tí ènìyàn bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á dúró, wọ́n á nawọ́, òmíràn á tẹ̀ lé ọ dé kọ̀rọ̀. Mọ́sálásí tí mo ń lọ máa ń tẹ àkókò ìrun oṣooṣù sórí ìwé, mo lẹ tèmi mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti kírun nílẹ̀ òtútù yìí á mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn lè fi ojú díwọ̀n. Nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í tíì lù tí òòrùn á fi wọ̀ ní Hull, tí Mọ̀gàríbì á ti wọlé.

Mo tún rántí nǹkan kan tí mo ti gbàgbé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àbúrò bàbá mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Fóònù kò sí nílé wa. Ọdún 2001 ni GSM tó dé Nàìjíríà, ó sì tún pẹ́ kó tó kàn wá. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ni wọ́n á fi lé lọ́wọ́. Gbogbo agboolé á pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi í sínú rédíò, ohùn Bàbá Lọ́ńdọ̀nù á jáde, wọ́n á máa kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe dàgbà sí. Bí wọ́n bá dé orí ẹni tó ti kú lẹ́yìn tí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, ilé á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà àwa náà á gba tiwa sílẹ̀ sí ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Ìgbà kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Mo wá ń rò ó pé, bí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù bá lè gbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìlá, tí a kò sì sọ pé wọ́n gbàgbé ilé, èmi náà lè gbé e. Ìrònú yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀, ó pẹ́ kí n tó rí i.

Ìlú òyìnbó ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé ayé kásẹ́ẹ̀tì ti lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò, wọ́n ní kì í ṣe èmi ni mo níṣẹ́. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti pààrọ̀ ṣíìfù lórí gúrúùpù WhatsApp. Owó òru kan lọ. Ti báǹkì rọrùn ju bí mo ti rò: nígbà tí mo ní mi ò ní fóònù, wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan bíi kalukuléta, mo ń ki káàdì bọ̀ ọ́, ó ń fún mi ní kóòdù. Báǹkì Nàìjíríà kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi. Síìmù Nàìjíríà mi ni wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, síìmù ọ̀hún sì wà nínú fóònù tó ti kú. Mo yọ ọ́, mo fi sínú àpò ìwé pélébé, mo sì ń bẹ̀rù nítorí pé nọ́ńbà tí ènìyàn bá pa tì pẹ́, wọ́n lè gbà á kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà yẹn ni mo fi so NIN mi, òun ni mo fi so BVN mi. Bí ó bá lọ, ta ni mo jẹ́ nílé?

Èyí tó le jù ni ti físà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde pé káàdì BRP, tí àwa àlejò fi ń jẹ́rìí pé a lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé níbí ká sì ṣiṣẹ́, yóò parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni eVisa. Kò ṣeé fọwọ́ mú, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Kí ènìyàn tó lè ṣí àkáǹtì rẹ̀, wọ́n á béèrè ímeèlì, wọ́n á béèrè nọ́ńbà fóònù, wọ́n á sì ní kí o wa áàpù kan sórí fóònù ìgbàlódé, kí o fi ya káàdì rẹ, kí o sì fi ya ojú rẹ. Mo lọ sí ilé ìkàwé ìlú, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn, mo ṣe é dé ibi tí wọ́n ti ní kí n gbé fóònù jáde. Mo jókòó, mo ń wo ojú ẹ̀rọ náà. Mo wá sí ìlú yìí lọ́nà tó tọ́, mo san gbogbo owó tí wọ́n ní kí n san, ọwọ́ mi mọ́, síbẹ̀ mi ò lè fi hàn pé èmi ni èmi.

Obìnrin ará Kérálà ní Íńdíà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló yá mi ní fóònù tirẹ̀. Wọ́n gbà pé ènìyàn lè lo ti ẹlòmíràn. A jókòó sí yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, ó di káàdì mi mú, mo gbé ojú sókè sí iná bí áàpù náà ṣe ní kí n ṣe. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà ni mo fi sílẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ títí mo fi yí i padà nígbà tó yá. Lẹ́yìn èyí, mo lè lo ímeèlì láti wọlé ní ilé ìkàwé, kí n gba kóòdù tí wọ́n ń fi han agbanisíṣẹ́, èyí tí lẹ́tà W ń ṣáájú rẹ̀, tó ń lo 90 ọjọ́. Ó ṣeé ṣe, mo ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dá fóònù arábìnrin yẹn padà fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mọ̀ pé mi ò tíì kúrò lábẹ́ fóònù. Fóònù onífóònù ni mo gbára lé.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn, mo lè máa yí i ká. Àwọn kan ń ṣe é, pàápàá àwọn àgbàlagbà òyìnbó. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà wá láti ẹnu ìyá arúgbó kan tí mo ń tọ́jú.

Wọ́n ní kí n máa fi orúkọ pè é, bí wọ́n ti ń ṣe níbí. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà á. Bí a bá wà ní àwa méjì péré, "Màmá" ni mo ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Kì í tètè sùn. Nígbà tí fóònù wà, mi ò mọ̀ pé ó ń fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí bí mo bá ti ní ìsinmi díẹ̀, mo ti sáré lọ síbi àpótí tí a ń kó fóònù sí. Láti oṣù Kẹwàá, mo máa ń jókòó tì í. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ apẹja, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin Hessle Road, àdúgbò àwọn apẹja ní Hull, tí wọ́n ń bá ọkọ̀ ńlá lọ sí òkun Iceland fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá sílé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tún lọ. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ó ní òun kì í gbọ́.

Ó wá sọ ti ọdún 1968 fún mi. Ìtàn tí gbogbo Hull mọ̀ ni, èmi nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún náà, ọkọ̀ apẹja kan tí ń jẹ́ St Romanus gbéra ní Hull. Kò sí òṣìṣẹ́ rédíò nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbéra yẹn náà ni wọ́n gbúròó wọn kẹ́yìn. Ọjọ́ kejì dé, ọjọ́ kẹta dé, kò sẹ́ni tó figbe ta, torí ó ti mọ́ àwọn ọkọ̀ apẹja lára láti dákẹ́. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kí àwọn yòókù má baà mọ ibi tí ẹja pọ̀ sí. Ọjọ́ 26 ni wọ́n tó pariwo pé ọkọ̀ sọnù. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejì tó parí, ọkọ̀ méjì mìíràn láti Hull, Kingston Peridot àti Ross Cleveland, ti bá a lọ. Ọkùnrin 58 ló kú nínú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló yè.

Àwọn obìnrin Hessle Road dìde. Lillian Bilocca ló ṣáájú wọn, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja, gèlè lórí. Wọ́n gba orúkọ ènìyàn jọ sórí ìwé, wọ́n lọ bá àwọn mínísítà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bilocca lọ sí èbúté, ó ní bí ọkọ̀ kan kò bá gbé òṣìṣẹ́ rédíò, òun yóò fò wọ̀ ọ́ kó má lè lọ. Àwọn ọlọ́pàá ló dì í mú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, èyí tó wà níwájú ni pé kí òṣìṣẹ́ rédíò wà nínú gbogbo ọkọ̀. Wọ́n gbà fún wọn.

Ìyá àgbà náà ní òun wà lára àwọn tó kọ orúkọ sílẹ̀. Mo ń retí pé yóò sọ̀rọ̀ nípa ikú. Kò sọ ọ́. Ó ní ọkọ òun kò kú sójú omi, orí ibùsùn ló kú sí nígbà tó dàgbà. Ohun tó ń bí òun nínú títí dòní ni ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn, pé àwọn ìyàwó ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọkọ wọn sì ti wà nísàlẹ̀ òkun, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó wà lójú omi mọ̀ pé òun wà láàyè. Ẹni tó wà nílé kò mọ̀."

Òru ọjọ́ náà gùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ti kọjá tí mi ò ti pe ilé. Okùn tí mo fi ń fún kọ̀ǹpútà níná ti bàjẹ́, mo sì gba ṣíìfù kún ṣíìfù. Mo ti sọ fún ara mi pé wọ́n mọ̀ pé àlàáfíà ni mo wà.

Ní àárọ̀, mi ò lọ sílé sùn. Mo gba ọjà lọ, mo ra okùn mìíràn, mo pe Màámi lórí Skype. Bí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n kò dáhùn. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ Màámi, èmi ni." Wọ́n fi oríkì mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi ló gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Inú bí wọn, wọ́n sì jẹ mí níyà lẹ́nu dáadáa: ṣé mo ti di òyìnbó ni, ṣé ẹni tó rà mí ní bàtà tí mo wọ̀ gun ọkọ̀ òfuurufú ni mo ń sá fún. Mo kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí Màámi ti ń ṣe.

Màámi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò wa kan ti fi hàn wọ́n, nígbà kan rí, pé abẹ́ orúkọ mi lórí WhatsApp ni wọ́n ti lè rí ìgbà tí mo wọlé kẹ́yìn. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn Ìṣáì, wọ́n á lọ bá ọmọ náà. "Bá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ." Ọmọ náà á wò ó, á ní oṣù Kẹsàn-án ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì wọ́n á tún lọ. Oṣù Kẹsàn-án. Wọn kò sọ fún bàbá mi kí ẹ̀jẹ̀ wọn má baà ga.

Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe ti kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà ti Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, ilé mọ̀ pé bí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, ohùn ń bọ̀. Kí àkókò yẹn tó dé, ọkàn wọn balẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ti wà nínú àdéhùn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kankan. Mo kàn parẹ́ ni. Mo gba ìsinmi tèmi, mo sì gbé ẹrù rẹ̀ lé ìyá mi lórí.

Mo ra fóònù méjì ní àárín oṣù Kejìlá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Àkọ́kọ́ ni fóònù ìgbàlódé kan tí ẹlòmíràn ti lò tẹ́lẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ló ń gbé, síìmù Nàìjíríà mi wà nínú rẹ̀, òun ni mo fi ń ṣe ti físà, ti báǹkì àti ti ibi iṣẹ́. Mo máa ń tàn án lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, bí mo bá jí ní ìrọ̀lẹ́, kí n mọ̀ bí wọ́n bá ti yí ṣíìfù padà. Ìkejì kékeré ni, èyí onítọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn ń tẹ nọ́ńbà lára rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ní nọ́ńbà rẹ̀: Màámi, Bọ̀ọ̀dá mi, àti ibi iṣẹ́. Ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi, mi ò sì ń pa ohùn rẹ̀.

Àwọn fóònù náà kọ́ ló ná mi ní agbára jù. Ọ̀rọ̀ tí mo bá ilé sọ ni. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá mi pé kí gbogbo ohun tí ilé bá fẹ́ máa gba ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n kó o jọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Jímọ̀, kí n dáhùn ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ní mo fẹ́ sọ àwọn di akọ̀wé mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣì fún bàbá oníbàbá, èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, torí mo ń tijú. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá béèrè pé, "Ọ̀sán lo máa ń sùn lóòótọ́?" Bíi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń bá ẹbí wí fún mi. Inú àwọn kan kò tíì dùn, àwọn ìbátan bàbá mi pàápàá. Ẹnì kan kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọdún Iléyá tó kọjá. Ó dùn mí. Mi ò ní yí i padà.

Ọjọ́ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo ń pe Màámi. Mo sọ fún wọn pé, bí aago yẹn bá kọjá tí mi ò pè, kí wọ́n jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá pe nọ́ńbà kékeré náà, bí mi ò bá gbé e, kí wọ́n pe ibi iṣẹ́ mi. Mo kọ gbogbo nọ́ńbà náà sílẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì bàbá mi. A ń sọ̀rọ̀ pẹ́ báyìí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ wa jẹ́ gígé-gígé, "mò ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, màá pè yín padà." Báyìí wọ́n máa ń sọ fún mi ohun tí wọ́n sè, ẹni tó bímọ, aṣọ tí bàbá mi ń hun àti àwọ̀ òwú rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, fóònù kékeré náà dún ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Mo ta gìrì. Ọkàn mi ti rò ó dé ibi tó burú jù kí ọwọ́ mi tó kàn án. Nọ́ńbà Màámi ni.

"Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," wọ́n ní. "Mo kàn ní kí n wò ó bóyá o máa gbé e."

"Mo gbé e, Màámi."

"Ó dáa. Máa sùn."

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ òwú tí bàbá mi fi ń hun òfì lẹ́yìn wọn, tó ń lọ, tó ń bọ̀, káàdì wọn sì tán.